Kókó Ọrùn Tíṣà Monji

Orí àkàbà ni Tíṣà Monji ti já bọ́ nígbà tó ń ká ólífì lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní ìlú Sfax, ní Tùnísíà. Eegun rẹ̀ kò ṣẹ́, àmọ́ ọrùn ń dùn ún, ni ilé ìwòsàn bá ya àwòrán ọrùn náà. Èsì dé: eegun ọrùn le koko. Ì bá dára ká ní ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kókó kan wà níbi tí gẹ̀gẹ̀ máa ń yọ sí, mílímítà mẹ́jọ, kò ju kóró ólífì lọ. Kí dókítà bá a wò ó.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá wá ìwákúwàá á rí ìríkúrìí. Tíṣà ò tiẹ̀ wá nǹkan kan. Àwòrán ló bá a wá a.

Èmi tí ilé mi kọjú sí tiwọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni Tíṣà fi kọ́ni ní jọ́gíráfì, tó bá sọ̀rọ̀, òpin àdúgbò á gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ó di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó wé ìborùn onírun mọ́ ọrùn nínú oòrùn. Tó bá fẹ́ mu omi, á dijú bí ẹni tó fẹ́ gbé òkúta mì.

"Ṣé ó ń dùn yín ni?" mo bi í.

"Kò dùn mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo àdúgbò ti di oníṣègùn. Nílé kọfí, ẹnì kan ní kó má jẹ ẹja mọ́, ẹnì kejì ní ẹja nìkan ni kó máa jẹ. Rawufu, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó kun ilé fún ọdún méjì ní Faransé, ló wá ṣe bí ọ̀gá dókítà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo mọ oníṣẹ́ abẹ kan, mo ti bá a sọ̀rọ̀ nípa yín."

Wasila, ìyàwó Tíṣà, ń po oúnjẹ kuskusi lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Rawufu, nígbà tí ẹ̀rọ omi mi ń jò, ìwọ náà lo ní ká tú gbogbo rẹ̀. Títí dòní, a ṣì ń pọn omi."

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo wa ọkọ̀ gbé tọkọtaya náà lọ sọ́dọ̀ Dókítà Sabiha, tí Tíṣà kọ́ rí nílé ìwé. Tíṣà ní kí èmi náà wọlé, kí ẹlẹ́rìí lè wà. Dókítà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ṣáájú. Ó tẹ ọrùn náà, ó bi í bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ ọ̀fun rí, ó sì fi síkáànù wò ó dáadáa.

"Ẹ̀jẹ̀ yín dára, Tíṣà. Kókó yìí kéré, etí rẹ̀ dán, kò sí àmì burúkú lára rẹ̀. Mi ò ní fi abẹ́rẹ́ gún un, kò sì gba iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ní irú rẹ̀ lọ́rùn. Wọn ò ya àwòrán ni wọn ò ṣe mọ̀."

"Kí wá ni oògùn rẹ̀?"

"Ẹ tú ìborùn yẹn."

Inú bí Tíṣà. "Sabiha, ṣé ẹ̀rọ rẹ yìí ríran ṣá? Fi wo Wasila, tara tiẹ̀ le. Jẹ́ ká rí ọrùn tó mọ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Wasila dùbúlẹ̀. Kókó méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan tóbi tó ìlọ́po méjì ti Tíṣà.

"Omi ló wà nínú èyí tó tóbi yìí," ni Dókítà wí. "Èyí kejì kò tó nǹkan. Kò séwu."

Wasila nu ọrùn rẹ̀. "Ṣé wọn ò ní kí n má lọ sọ́jà?"

"Rárá o."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ nígbà náà, kí ẹja má bàa tán."

Nínú ọkọ̀, Tíṣà yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó béèrè pé, "Wasila, ẹ̀rù ò bà ọ́ ni?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rù fi ń bà mí, Bàbá Henda. Mi ò kàn ráyè sọ ọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ gba gbogbo àyè ilé."

Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo kọjú sọ́nà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn alábẹ̀wò kún ilé. Tíṣà fi ohùn rẹ̀ àtijọ́ sọ fún wọn pé ara òun le. Wọ́n ń wojú ara wọn.

"Ọmọdé ni dókítà yẹn," ẹnì kan wí.

Rawufu ní àṣé òun kàn dójú ti ara òun lọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ni, ó dìde, ó sì tó oṣù kan kó tó tún ya ilé wọn. Ìyá Naziha, tó gbé odidi àwo àkàrà olóyin wá, wo Tíṣà títí.

"Ká ní mo mọ̀ pé ara yín le," ló wí, "mi ò bá tí fi oyin sí i tó báyìí."

Wasila ti gbé àwo náà wọ ilé ìdáná.