Orúkọ fún Ẹ̀yà Mẹ́sàn-án

“Èwo gan-an ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú méjèèjì?”

Ọ̀gá Akínbọ́lá, tó ni ilé ìtẹ̀wé ní Ṣàgámù, na ìwé méjì síwájú Ayọ̀adé tó ń ya ìrísí lẹ́tà ìtẹ̀wé fún un. Lẹ́tà orí ọ̀kan há pinpin. Ti èkejì gbòòrò, àmọ́ ojú ìlà rẹ̀ tín-ín-rín. Orúkọ kan náà ló wà lábẹ́ méjèèjì.

“Àwọn òyìnbó tó fẹ́ ra lẹ́tà náà ń retí fáàsì wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yà mẹ́sàn-án, orúkọ mẹ́sàn-án, tó máa yé ẹni tí kò mọ̀ wá rí.”

“Màá tún un ṣe, sà.”

Kò lè sọ pé Moríyọ̀ ìyàwó òun ló sọ wọ́n lórúkọ. Ọdún mẹ́fà ni àwọn méjèèjì fi jọ ya lẹ́tà náà, títí àmì ohùn fi jókòó dáadáa lórí wọn. Bí ẹ̀yà kan bá ti parí, Moríyọ̀ á sọ ọ́ lórúkọ bí ẹni ń kẹ́ ọmọ: Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Ọ̀rọ̀bọ̀, Ìyá Àgbà. Ọdún kan péré ló ní òun máa lò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún kẹta rèé.

Ayọ̀adé sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù ní Sábó, ó pè é níbi iṣẹ́.

“Moríyọ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn, ṣé híhá lo ní lọ́kàn ni àbí tín-ín-rín?”

“Ẹ ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ fi eré yẹn sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ bó ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ tó sọ bó ṣe nípọn tó. Híhá Tín-ín-rín. Gbígbòòrò Nínípọn. Kò lè rú ẹnikẹ́ni lójú.”

“Èyí tó wà láàárín ńkọ́?”

“Ẹ pè é ní Déédéé.”

“Moríyọ̀, ìgbà wo lo máa—”

“Ẹ má bínú, bàbá Ànú, a ti ń ṣíwọ́. Mo fẹ́ tètè délé kí òtútù tó le.”

Fóònù já. Ayọ̀adé ṣì gbé e sétí. Ilé. Láti ọjọ́ tó ti lọ, “yàrá” ló máa ń pe ibi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ó padà, ó jókòó, ó fara balẹ̀ kọ orúkọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ọ̀gá Akínbọ́lá kà wọ́n látòkè délẹ̀, ó mi orí.

“Ẹ̀n-ẹ́n! Ó wá yé mi wàyí.”

“Ó ti yé èmi náà, sà,” ni Ayọ̀adé wí, ó sì ki ìwé náà bọ ẹ̀rọ fáàsì.