Orúkọ Àṣìkẹ́ Lójú Ìwé Àwọn Tó Ti Lọ

Ọjọ́bọ̀ ni Àṣìkẹ́ Ọ̀ṣunníyì gbọ́ pé òun ti kú. Kì í ṣe ẹnu olófòófó ló ti gbọ́ ọ o. Inú ìwé gidi ló ti kà á, ìwé tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, tí èèyàn sì sanwó fún. Ó jókòó sábẹ́ agboòrùn ńlá rẹ̀ ní Ìdí-Ìrókò, nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti máa ń tò dúró de àwọn aṣọ́bodè, ó ń jẹ ẹ̀pà, ara rẹ̀ sì le koko.

Purity ló gbé ìwé náà débẹ̀. Ọdún 2021 ni ọmọbìnrin yìí jáde ní yunifásítì, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún omi ọ̀pẹ̀yìnbó láti Kútọnu. Ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ náà, Faransé ni látòkè délẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ìwé Faransé lọ́wọ́ ní agbègbè yẹn, abẹ́ agboòrùn Àṣìkẹ́ ni wọ́n máa júwe fún un. Awakọ̀ ń wá, alájàpá ń wá, ìyá tó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lódìkejì ààlà tó sì gba ìwé oògùn bọ̀ náà ń wá. Màmá Faransé ni gbogbo wọn ń pè é.

"Wọ́n ní o ò gbọdọ̀ da omi sí i nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀," ni Àṣìkẹ́ sọ fún Purity. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ ọ́. Ó jọ pé ẹnì kan ti dán an wò rí."

Purity rẹ́rìn-ín. Ibi tó ti ń kó ìwé ẹ̀rọ padà sínú báàgì ni ìwé kékeré kan ti yọ jáde. Àṣìkẹ́ mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ibo La Wà Báyìí? ni orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó jáde ní yunifásítì tí Àṣìkẹ́ àti Purity lọ, ẹ̀ka ti Yewa, ló ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, látorí àwọn tó jáde ní 1971 títí dé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ agùnbánirọ̀ sílẹ̀, ló ń kọ ìròyìn ara rẹ̀ ránṣẹ́: ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ipò tó dé, iye ọmọ tó bí. Lọ́jọ́ ìpàdé ní Ìlaró, akọ̀wé á ka gbogbo rẹ̀ sókè, ẹni tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ á dáhùn pé "Mo wà," wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Àṣìkẹ́ gba ìwé náà, ó ń ṣí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, irọ́ pọ̀ nínú ìwé yẹn. Kì í ṣe irọ́ burúkú, irọ́ tí wọ́n wọ agbádá fún ni. Ọ̀gbẹ́ni Husain tó jáde ní 1983, tó ń sin adìẹ mẹ́rìnlélógún lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ajílété, kọ pé òun ni "olùdarí àgbà ilé iṣẹ́ ọ̀sìn". Ayọ̀túndé, ọdún 2005, ní òun "wà nínú ètò ìlera ní Kánádà", bẹ́ẹ̀ gbogbo Aiyétòrò ló mọ̀ pé àwọn arúgbó ló ń wẹ̀, tó sì ń fún lóúnjẹ níbẹ̀. Iṣẹ́ tó dáa ni, ó gbọdọ̀ ṣòro pẹ̀lú, kí ló wá dé tí kò lè dárúkọ rẹ̀? Purity fúnra rẹ̀ kọ pé òun ti "dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀".

"Ilé iṣẹ́ ọ̀hún dà?" ni Àṣìkẹ́ bi í.

"Èmi àti ẹ̀rọ yìí ni, mà."

Àṣìkẹ́ ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Àwọn Tó Ti Lọ ni wọ́n kọ sórí rẹ̀, orúkọ mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta kà pé: "Àṣìkẹ́ Ọ̀ṣunníyì, 1996, Faransé. Obìnrin jẹ́jẹ́. Ó dìgbà o."

Ó kà á tán, ó tún un kà. Inú bí i, ó tu ẹ̀pà ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó tiẹ̀ kọ́kọ́ dùn ún ni "obìnrin jẹ́jẹ́", torí kò sẹ́ni tó bá a jókòó ní kíláàsì tó máa sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ tí ojú ò ní tì í.

Nígbà tó yá, ìtìjú gba ipò ìbínú. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti kọ ìròyìn ránṣẹ́ gbẹ̀yìn. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé ló sọ pé àwọn ò fẹ́ Faransé mọ́, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ní tóun bá ríṣẹ́ mìíràn òun á kọ̀wé. Lọ́dún kejì, ohun kan náà ló sọ. Nígbà tó máa di ọdún kẹta, ó ti wà lábẹ́ agboòrùn, ta ló sì fẹ́ kọ agboòrùn sínú ìwé tí bíṣọ́ọ̀bù wà nínú rẹ̀? Ó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sìnkú tán, ó ti ilé pa, ó sì fi Ìlaró sílẹ̀ kí ẹnì kan tó bi í pé ibo ló wà báyìí. Òun náà ti bá wọn gbẹ́ sàréè tí wọ́n sin orúkọ òun sí, ó mọ̀ ọ́n, ó sì dùn ún wọra.

"Ìgbà wo nìpàdé?" ni ó bi Purity.

"Ọ̀túnla, Sátidé, mà."

"Mò ń bọ̀. Wọ́n máa yọ orúkọ mi kúrò lójú ìwé yẹn níṣojú mi."

Purity wò ó díẹ̀. "Tí wọ́n bá béèrè iṣẹ́ yín, mà, ẹ ní kọ́ńsọ́tàǹtì ni yín. Kọ́ńsọ́tàǹtì èdè Faransé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àṣìkẹ́ létí. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára, ó ká a, ó fi sínú báàgì.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó tètè jáde. Ohun tó ń rò ni pé òun á rí akọ̀wé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jọ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe ní kọ̀rọ̀. Ṣé ẹ mọ ọ̀nà Ìdí-Ìrókò sí Ìlaró? Àwọn aṣọ́bodè á dá ọkọ̀ dúró níbí, èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tú ẹrù. Kí ọkọ̀ tó rìn dé ìtòsí igi tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ti dá a dúró. Ibi kan tí wọ́n ti ń dúró báyìí ni obìnrin tó jókòó tì í ti yíjú sí i.

"Màmá Faransé, ẹ ò rántí mi. Àṣíáwù ni mí, láti Ìmẹ̀kọ. Ẹ̀yin lẹ bá mi ka ìwé oògùn ọmọ mi. Ṣíbí kan ni wọ́n kọ síbẹ̀, mẹ́ta ni mo ti ń fún un."

"Báwo ni ọmọ náà?"

"Ó ti wà ní kíláàsì kejì. Ó ń yọ mí lẹ́nu."

Àṣìkẹ́ ò rántí ọmọ náà rárá. Síbẹ̀, ó ń ronú nípa rẹ̀ títí wọ́n fi wọ Ìlaró.

Nígbà tó dé gbọ̀ngàn ìjọ, wọ́n ti ka gbogbo ìròyìn àwọn alààyè tán. Gbogbo èèyàn ló dìde dúró, wọ́n sorí kọ́. Ẹ̀gbọ́n Ọláoyè, akọ̀wé, tó jáde ní 1979 tó sì ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ló dúró níwájú, ó ń ka ojú ìwé tó kẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ẹgbẹ́ wọn nìyí: tí akọ̀wé bá pe orúkọ òkú, á dákẹ́ díẹ̀ níbi tó yẹ kí ẹni náà ti dáhùn, kó tó bọ́ sórí èkejì. Ó pe ẹni àkọ́kọ́, ó dákẹ́. Ó pe ẹnì kejì, ó dákẹ́.

"Àṣìkẹ́ Ọ̀ṣunníyì, 1996."

"Mo wà," ni Àṣìkẹ́ dáhùn lẹ́nu ọ̀nà.

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Ìyá kan láti 1988 pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì jókòó lórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀. Àṣìkẹ́ rìn gba àárín wọn lọ síwájú, kò yára, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni.

"Àṣìkẹ́, mo dé ilé yín," ni Ọláoyè sọ. "Èmi fúnra mi, nígbà tá ò gbúròó rẹ. Ilé wà ní títì. Àwòrán rẹ ni mo rí lára ògiri, wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé Ó Ti Délé Ògo. Mo dúró síbẹ̀, mo sunkún. Kí ni mo tún fẹ́ bi ẹnikẹ́ni?"

"Màmá mi ni, ẹ̀gbọ́n. Fọ́tò ìgbà tí wọ́n wà lẹ́ni ogójì ọdún la lò."

Kò sẹ́ni tí kò yé nínú gbọ̀ngàn yẹn. Bí a ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Èèyàn á lo ọgọ́rin ọdún láyé, àwọn ọmọ á wá lọ tú àpótí fún fọ́tò tó ti yọ jù lọ. Àṣìkẹ́ àti ìyá rẹ̀ kò sì yàtọ̀ síra, imú, ojú, bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́.

"Ṣé ẹ ò rí orúkọ wọn nísàlẹ̀ ni?"

"Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀ mọ́," ni Ọláoyè sọ. "Òjò ti fọ̀ ọ́ lọ."

Àṣìkẹ́ ò mọ̀. Ọdún mẹ́ta, kò padà lọ wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju ikú tí wọ́n kọ mọ́ ọn lọ.

Bàbá Alfred, alága, tó jáde ní 1971 tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá rìn, sún mọ́ ọn. "A dúpẹ́ pé o wà, ọmọ mi. Ó yá, fún wa ní ìròyìn rẹ. Ibo lo wà báyìí?"

Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú báàgì. Ó fọwọ́ kan ìwé pélébé náà. Ọláoyè tẹ̀ sí i létí, ó ní, "Ṣé kí n kọ 'olùkọ́ Faransé tẹ́lẹ̀'?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n." Ó yọ ọwọ́ jáde lófìfo. Ohùn rẹ̀ jáde ketekete. "Ẹ kọ pé mo wà ní Ìdí-Ìrókò, lábẹ́ agboòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù ń dúró sí. Mò ń ka Faransé fún ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni kí n kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

Ó dúró tì í títí tó fi kọ ọ́ tán. Ó ní kó kà á jáde, akọ̀wé kà á jáde. Lẹ́yìn náà, àga kan ró lẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni Husain ló dìde.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún tèmi náà ṣe. Adìẹ mẹ́rìnlélógún ni."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ́, àtẹ́wọ́ sì tẹ̀ lé e. Purity náà ti na ọwọ́ sókè. Àṣìkẹ́ ò dúró gbọ́ tirẹ̀. Ó tọrọ máákà dúdú tí akọ̀wé fi kọ orúkọ sára àga, ó sì jáde.

Ilé ìyá rẹ̀ ò jìnnà. Koríko ti bo ẹnu ọ̀nà. Àwòrán náà ṣì wà lábẹ́ òrùlé, ojú ìyá rẹ̀ mọ́ rekete, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ti funfun báláú. Àṣìkẹ́ fi etí aṣọ rẹ̀ nu ún, ó sì kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà: Ọ̀ṣúnkẹ́mi Ọ̀ṣunníyì, ìyá Àṣìkẹ́ tó ń ka Faransé ní Ìdí-Ìrókò.

Ó pe orúkọ náà sókè bí akọ̀wé ṣe ń pè é, ó sì dákẹ́ díẹ̀.

"Mo wà, Màmá," ló sọ.