Ọmọ Tó Tutù

"Ọmọ yìí mà tutù o."

Ìyá ọkọ àbúrò mi ló sọ bẹ́ẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni tó ń fi aṣọ tuntun hàn mí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yàrá wọn ní Sùúrùlérè, fúláàsì ògì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà ni, obìnrin, kò tíì lórúkọ. Oṣù méje ààbọ̀ ni wọ́n bí i, kò ju búrẹ́dì kan lọ nínú aṣọ ìnura. Màmá ní láti ìrọ̀lẹ́ àná kò ké, kò da ẹnikẹ́ni láàmú, ìwà bàbá àgbà ẹ̀ ló mú wá sáyé.

Mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Ó tutù bí ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú yìnyín.

"Fẹ́yìsayọ̀, ìgbà wo ló mu ọmú kẹ́yìn?"

Àbúrò mi wolẹ̀. Ó ní òun fi sí i lẹ́nu ní ìdájí, kò fà á. Òun rò pé oorun ló ń kùn ún.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbálẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn ìkókó ní ilé ìwòsàn kan ní Yábàá. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní nǹkan kan. Bí dókítà bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo máa ń fa ìgbálẹ̀ mi pẹ́ níbẹ̀, mo sì ń gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí kòkòrò bá wọ ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, ara á gbóná, á máa gbọ̀n. Ọmọ tí oṣù ẹ̀ kò pé ò ní igi tó máa fi dá irú iná bẹ́ẹ̀. Ṣe ni tiẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Mo ní ká máa lọ. Màmá ní ọmọ kì í jáde nílé ṣáájú ọjọ́ kẹjọ, àti pé ibo ni ibà wà? Wọ́n gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí ẹ̀, wọ́n ní kí n wá wò ó, kò gbóná rárá. Mo ní ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Wọ́n ní ẹnu mi ti mú jù. Mo ní ó mú lóòótọ́, òun la máa fi lànà.

Mo bọ́ aṣọ ọmọ, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà ìyá ẹ̀, ara kan ara, mo fi ìró dì wọ́n pọ̀, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Títí a fi dé Yábàá, etí mi ò kúrò nítòsí imú ẹ̀. Á mí. Á dúró. Á dúró pẹ́. Á tún mí.

Ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ti fẹ́ bà jẹ́ pátápátá. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà nídìí tábìlì ò gbójú sókè. Ó béèrè pé ara ọmọ ńkọ́. Àbúrò mi dáhùn pé, "Ó tutù, mà."

"Ẹ dúpẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó kọ nọ́ńbà kẹtàdínlógún fún wa, ó ní ká lọ jókòó.

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní àbùkù lẹ́nu wa. Ọkàn tútù, ilé tútù, ọmọ tútù. Àdúrà ni. Àdúrà ni nọ́ọ̀sì gbọ́, ó sì ṣe àmín.

Mo padà sí tábìlì. Mo ní oṣù ọmọ yìí ò pé, kò fa ọmú, ó ń gbàgbé láti mí. Nọ́ọ̀sì wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi mí pé, ṣé èmi Mabel ti gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ni?

"Ìgbálẹ̀ ni, mà," mo ní. "Àwọn ọmọ tí wọ́n bá sọ fún yín pé wọ́n tutù, èmi ni mo máa ń nu ibùsùn wọn tí wọ́n bá ti gbé wọn lọ. Ẹ fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà kí ẹ lé mi."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó ti gbé ọmọ kúrò láyà ìyá ẹ̀ kó tó rántí pe dókítà.

Dókítà Hadassah kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ yá. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún gìgísẹ̀ ọmọ kí wọ́n lè wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Kò ké. Ẹsẹ̀ ò tilẹ̀ mira. Ṣúgà ti lọ sílẹ̀. Wọ́n wá iṣan lọ́wọ́, wọ́n wá a lẹ́sẹ̀, orí ni wọ́n ti rí i níkẹyìn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò. Dókítà ní ó máa tó ọjọ́ méjì kí kòkòrò inú ẹ̀ tó hàn, àmọ́ àwọn ò ní dúró dè é. Àwọn máa fún un ní oògùn méjì báyìí, bí ẹni tó ń ju òkò sínú òkùnkùn.

Fẹ́yìsayọ̀ bi í bóyá ọmọ òun á yè.

"Mi ò mọ̀, mà. Ká ní ẹ gbé e wá lánàá ni."

Àná. Nítorí pé lánàá, mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo ní ọmọ ńkọ́. Ó ní, "Ó tutù, Ẹ̀gbọ́n." Èmi ọlọ́gbọ́n, èmi tí mo mọ gbogbo ẹ̀, mo ní, "A dúpẹ́ o," mo gé fóònù. Mo ti bú Màmá, mo ti bú nọ́ọ̀sì. Ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ bú, mò ń gbé e kiri nínú aṣọ mi.

Ọjọ́ méjì ló fi wà nínú àpótí onígíláàsì tó ń mú ara móoru, afẹ́fẹ́ nímú, dírípù lórí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dáwọ́ mímí dúró tí wọ́n fi ìka ta á látẹ́lẹsẹ̀ kó tó rántí. Ọjọ́ kẹjọ pé, ọjọ́ tó yẹ ká sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́sàn-án, èsì ẹ̀jẹ̀ jáde: kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀kan nínú oògùn méjèèjì ló ràn án. Dókítà ní ká má tíì jó.

Nọ́ọ̀sì àgbà fúnra ẹ̀ ló wá gún gìgísẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ kékeré yẹn fà sẹ́yìn. Ojú hunjọ, ohùn kan jáde bíi ti ọmọ ológbò, ó há, kò dùn-ún gbọ́, kò sì dákẹ́.

Fóònù mi dún. Màmá ni, láti ilé.

"Mabel, ọmọ wa ńkọ́? Ṣé ara ẹ̀ ti tutù?"

Fẹ́yìsayọ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Rárá, mà," ó ní. "Ó ń bínú."