Sátidé Dókítà Àlejò

"Ta ló fún ọ lẹ́nu tí o fi ń sọ fún mi pé o ò ní wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé?"

Ọ̀gá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, òun ló ni ilé ìwòsàn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí mo ti ń rí aláìsàn, ó fọwọ́ méjèèjì di ara ilẹ̀kùn mú bí ẹni pé mo fẹ́ gbé e sá lọ.

"Ọmọ mi ń parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, sà. Mo fẹ́ jókòó síbi tó ti máa rí mi."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá rẹ̀ ló ń lọ látọjọ́ yìí. Wọ́n ti ń bi í níléèwé bóyá ìyá ọmọ ṣì wà láyé."

Nọ́ọ̀sì àgbà ń to òwú sínú agolo. Ẹ̀yìn ló kọ sí wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

Mo ti pẹ́ níbí débi pé èmi ni mo mọ fèrèsé tí kì í pa dé àti bẹ́ẹ̀dì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀, síbẹ̀ Dókítà Àlejò ni wọ́n ń pè mí. Òkè òkun ni mo ti kọ́ṣẹ́, físà onígbà díẹ̀ ni mo fi wọlé. Físà ọ̀hún, ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ni wọ́n so ó mọ́. Bí Ọ̀gá bá lé mi, ìjọba náà á lé mi, tèmi tọkọ tọmọ. Ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí gbogbo iṣẹ́ òru àti gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ fi ń kan àlejò. Àwọn dókítà onílé á kàn juwọ́ sí mi, wọ́n á wa mọ́tò wọn lọ.

"Ẹ rọra, sà," ni mo wí. "Màmá ń sinmi ní yàrá kejì. Mo fẹ́ tún ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wọ̀n."

Màmá yìí ni ìyá tó bí Ọ̀gá. Pákó fẹ́lẹ́ ló wà láàárín àwa àti wọn.

"Má fi ìyá mi dí mi lẹ́nu. Tí mo bá kọ̀wé sí ìjọba lónìí, ẹrù lo máa dì lọ́la."

"Tẹ́lẹ̀ nìyẹn, sà. Wọ́n ti yí òfin físà padà. Dókítà bíi tèmi lè kúrò nílé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn láì fi ìlú sílẹ̀, kò sì nílò àṣẹ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹ sáré yí i síbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù."

"Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn pé bọ́ọ̀lù ò tíì bẹ̀rẹ̀," ni nọ́ọ̀sì sọ fún òwú ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú. "Ta ló fẹ́ gbà ọ́?"

"Ilé ìwòsàn tó kọjú sí wa. Wọ́n ti gbà mí. Mo máa bá yín parí oṣù yìí, àmọ́ ti ọmọ mi ni Sátidé."

"Máa lọ. Àwọn aláìsàn ò ní tẹ̀ lé ọ. Èmi ni wọ́n mọ̀. Àlejò ni ọ́. Tí o bá lọ tán, kò sẹ́ni tó máa béèrè ẹ."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, sà."

Ilẹ̀kùn yàrá kejì ṣí. Màmá jáde, apá aṣọ wọn kan ṣì wà ní kíká sókè. Wọn ò wo ọmọ wọn rárá.

"Dókítà mi, ilé tó kọjú sí wa yẹn, ṣé àtẹ̀gùn wà níbẹ̀? Orúnkún mi ò fẹ́ àtẹ̀gùn."

"Kò sí, Mà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìtọ́jú."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n wá na ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn sí Ọ̀gá. "Ìwọ, kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí o lọ bá mi mú káàdì mi wá. Mi ò fẹ́ gbàgbé ẹ síbí."