Àdín Gbígbóná Lápá Sàlámọ̀tù

Igbe tí Oyèyẹmí ké kì í ṣe igbe ọmọ tí omi tutù bà lára. Sàlámọ̀tù, ìyá bàbá rẹ̀, ti wẹ̀ ẹ́ tán lágbàlá, ó ti nù ún, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì tó nà sílẹ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ da àdín sí i lẹ́yìn láti inú ife ni. Ìgbà tó fẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á káàkiri ni òun náà fa ọwọ́ sẹ́yìn. Àdín náà gbóná janjan.

Bẹ́ẹ̀, ó ti tọ́ ọ wò. Bí ìyá tirẹ̀ ṣe kọ́ ọ ló ṣe: kí àdín tó kan ara ọmọ ọwọ́, a máa kọ́kọ́ kán an sí apá òsì, nísàlẹ̀ ìgúnpá, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́. Bí ibẹ̀ bá gbà á, ara ọmọ á gbà á. Ọmọ mẹ́fà ló tọ́ bẹ́ẹ̀, láìka ti àwọn ará àdúgbò. Ó kán an lónìí náà, kò sì gbóná.

Ọ̀ṣẹ́nì, ọmọ rẹ̀, gbọ́ igbe, ó sáré jáde. Ṣìkẹ́mi, ìyàwó Ọ̀ṣẹ́nì, ti já ọmọ náà gbà. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ yọ ni wọ́n wọ̀ láti Àpòmù lọ sí dìsípẹ́ńsárì kan ní Ìkirè, èyí tí wọ́n ṣì kọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sí pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ láti bí oṣù mélòó kan. Nọ́ọ̀sì Afọláyan wo ẹ̀yìn ọmọ, ó ní iná náà kò wọlé púpọ̀, ó fi oògùn pa á. Ó ní àdín kò burú, gbígbóná ló burú, kí wọ́n fi sílẹ̀ títí awọ náà yóò fi jinná.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Ọ̀ṣẹ́nì bèèrè bó ṣe jẹ́. Ìyá rẹ̀ dáhùn pé òun tọ́ ọ wò, kò gbóná. Òtítọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bọ́ lé Ṣìkẹ́mi lórí, torí òun ló gbé àdín ka iná.

Ṣìkẹ́mi kò fẹ́ àdín tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti bímọ ló ti ń wí pé ó ń rùn, pé kì í kúrò lára aṣọ, pé ìpara inú ike tí wọ́n ya àwòrán ọmọ òyìnbó sí lòun fẹ́. Sàlámọ̀tù a sì máa fi rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ àdín rẹ̀? Fúnra rẹ̀ ló ń dín èkùrọ́ títí yóò fi dúdú, tó ń gún un, tó ń sè é, tó ń re òróró orí rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ti Ìkòyí wá rà á. Ó ń lé kúrúnà, ó ń mú kí ẹsẹ̀ tó sán dì, ara ọmọ tí wọ́n bá sì fi pa a máa dán.

"O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni," Ọ̀ṣẹ́nì wí fún ìyàwó rẹ̀. "Nígbà tí ìyá mi ń nu ọmọ lo tún gbé e padà sórí iná, kí àdín lè di ohun ìkórìíra nínú ilé yìí."

"Ọmọ tí mo bí, Bàbá Oyèyẹmí?"

Ọ̀ṣẹ́nì ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun yóò mú un padà fún bàbá rẹ̀ ní Wásinmi.  Ṣìkẹ́mi wojú ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ sì wo ilẹ̀.

Omi ẹ̀kọ ń hó lórí iná. Sàlámọ̀tù ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ó gbé e wọ yàrá, ó ká apá aṣọ òsì sókè. Ojú kan wà níbẹ̀ tó mọ́ ju ìyókù ara rẹ̀ lọ. Ó ti tó ọdún méjì. Làpálàpá ló pè é, àdín ló sì ń fi pa á láàárọ̀ lálẹ́. Ó tẹ ṣíbí náà mọ́ ọn. Kò mọ nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀.

Àwọn àgbà a máa fi ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà ti ṣe irú yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọkùnrin kan ń dá gbé lẹ́yìn oko wọn, ìdí igi ni wọ́n ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sí, wọn kì í dúró kí ó jáde. Bó bá la ẹnu, kò sẹ́ni tí yóò ra àdín lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò tẹ́ ọmọ sí i lẹ́sẹ̀. Bó bá dákẹ́, Ṣìkẹ́mi ni yóò lọ. Ó jókòó kí ẹkún dé, ẹkún kò dé. Gbogbo ara rẹ̀ wá rí bí apá náà.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ọ̀ṣẹ́nì gbé ẹrù ìyàwó rẹ̀ jáde síta. Ṣìkẹ́mi gbé ọmọ mọ́ àyà, torí kò ṣeé pọ̀n.

"Ọ̀ṣẹ́nì, sọ ẹrù yẹn kalẹ̀," ìyá rẹ̀ wí. Ó ká apá aṣọ sókè, ó na apá òsì sí wọn. Ojú ibi tó fi ṣíbí jó ti lé ròrò. "Èmi ni mo fi ṣíbí gbígbóná jó ibí yìí lánàá, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára. Àdín ọmọ gbóná, apá mi ni ò mọ̀. Ìyàwó ò ṣe nǹkan kan. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé."

Ọ̀ṣẹ́nì yára fa apá aṣọ náà wálẹ̀. Ó ní kí wọ́n wọlé, pé àárẹ̀ lásán ni. Ṣìkẹ́mi ló tún ká aṣọ náà sókè. Ó wò ó pẹ́.

"Mo rí àwòrán irú ẹ̀ lára ògiri dìsípẹ́ńsárì lánàá, Ìyá," ló wí. "Wọ́n ní oògùn ẹ̀ wà. Wọ́n ní ó ń san. Ẹ wọ bàtà yín ká lọ."

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí Ìyá Olúyínká yọ pẹ̀lú ìgò òfìfo, ó wá ra àdín. Ọ̀ṣẹ́nì sọ fún un pé ara ìyá òun ò yá. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló lè ṣe ẹni tó ń fi àdín wo ara gbogbo ènìyàn sàn?

"Ẹ̀tẹ̀ ni, Ìyá Olúyínká," Sàlámọ̀tù wí. "Ìkirè ni mò ń lọ gba oògùn."

Ìyá Olúyínká gbé ìgò rẹ̀ mọ́ àyà, ó sún sẹ́yìn díẹ̀. Ṣìkẹ́mi gbé ọmọ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ sì mú ọ̀nà ibùdókọ̀ pọ̀n. Wọ́n ti rìn jìnnà kí Sàlámọ̀tù tó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá rí i pé ìyàwó ọmọ òun ti di òun mú lápá òsì láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé.