Ọjọ́ Mẹ́fà Tó Kù fún Opó

Afẹ́fẹ́ yí padà láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ló sì gbé ọkàn Ferroudja sókè. Láti ọjọ́ méjì ni iná ti ń jó igbó orí òkè kejì, èéfín rẹ̀ ń gba ọ̀nà òkun lọ, kò kan ẹnikẹ́ni ní abúlé wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó gun òrùlé ilé wọn tó tẹ́ pẹrẹsẹ láti ká aṣọ tó sá, ó bá eérú lára aṣọ ọmọ. Ó gbọn ọ́n, eérú mìíràn tún bà lé e. Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó sáré sọ̀kalẹ̀.

Kò lè jókòó. Ó di báàgì, ó tú u, ó tún un dì. Ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ, mílíìkì Yidir ọmọ oṣù mẹ́jọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ọkọ rẹ̀. Ó lọ tú àwọn ewúrẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè wá ọ̀nà ara wọn. Ó pa gáàsì, ó kúrò ńbẹ̀, ó tún padà wá wò ó bóyá òun pa á lóòótọ́. Sekura, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, di aṣọ rẹ̀ mú, wọ́n jọ ń sáré kiri ilé. Fóònù náà kò sinmi. Belaid ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Algiers, olú ìlú Algeria, ti pè lẹ́ẹ̀mẹjọ, àṣẹ ló ń pa. Àwọn ọkùnrin tó bá wà lọ́nà jíjìn, wọ́n mọ iná pa ju panápaná lọ.

"Ramdan á fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá kó yín ní ìrọ̀lẹ́," ni Belaid wí. "Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti múra?"

Ferroudja wo yàrá, níbi tí Djouher, ìyá ọkọ rẹ̀, jókòó sí lórí ẹní. "Wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan."

"Sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n lọ!"

"Wá sọ ọ́ fúnra ẹ," ni Ferroudja dáhùn, ó sì pa fóònù.

Akli, ọkọ Djouher, ló kú ní oṣù kẹrin ọdún. Opó kò sì gbọdọ̀ fi ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù.

"Ọjọ́ mẹ́fà péré, ìyàwó," ni Djouher wí. "Ṣé kí n wá bà á jẹ́ nísinsìnyí?"

"Màmá, mo ti pe lemọ́mù. Wọ́n ní tí ewu bá wà, Ọlọ́run gbà kí opó jáde."

"Lemọ́mù wo? Ọmọ tí mo pọ̀n, tó ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn? Òun ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ Akli?"

"Iná ń bọ̀, Màmá!"

"Iná ń jó, ògiri ò sá."

Inú bí Ferroudja débi pé omi dé ojú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ti opó lọ. Nígbà tí Djouher wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, lásìkò ogun òmìnira, àwọn sójà Faransé kó gbogbo abúlé jáde, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ọdún márùn-ún ni wọ́n lò nínú àgọ́ tí wọ́n fi wáyà yí ká. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí, nígbà tí wọ́n sì padà, ògiri kan ṣoṣo ni wọ́n bá. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá.

Lójijì, ìyá àgbà dìde, ó fa báàgì sọ́dọ̀. "Kí lèyí? Wáyà fóònù mẹ́ta! Ife dà? Nígbà tí wọ́n lé wa, kò sẹ́ni tó rántí ife. Ọwọ́ la fi ń bu omi mu. Lọ mú iyọ̀ wá. Abẹ́rẹ́ àti òwú. Bàtà mìíràn fún Sekura, èyí á já kó tó di ọ̀la." Ó ń dì, ó ń bú, ara Ferroudja sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó rò pé Djouher ti gbà láti lọ.

Ni fèrè ọkọ̀ Ramdan aládùúgbò wọn bá dún lẹ́nu ọ̀nà. Èéfín ti bo àwọn igi ólífì ìsàlẹ̀ abúlé. Djouher ti báàgì sí Ferroudja, ó padà sórí ẹní rẹ̀.

"Ẹrù yín ti pé. Ẹ máa lọ, Ọlọ́run á ṣọ́ yín."

"Ẹ yára o!" Ramdan ń kígbe. "Ilé mẹ́ta ṣì kù tí mo fẹ́ yà!"

Ferroudja gbé Yidir. "Màmá, ẹ bá mi pọ̀n ọ́n díẹ̀, kí n lè gbé báàgì."

Djouher dìde, ó tẹ ẹ̀yìn ba, bó ṣe ń ṣe fún gbogbo ọmọ abúlé láti àádọ́ta ọdún. Ferroudja fi ọ̀já dì í, ó ta á ní kókó méjì, ó fà á le. Ó gbé báàgì, ó fa Sekura lọ́wọ́, ó jáde, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì jókòó.

"Ferroudja! Wá gba ọmọ ẹ!"

"Ọwọ́ mi dí, Màmá. Ẹ gbé e wá."

"Àjẹ́! Ọjọ́ tí Belaid mú ẹ wọlé ni mo ti mọ̀!"

Ẹnu ọ̀nà ṣófo. Yidir wúkọ́ nínú ilé. Ramdan ní òun ń lọ o. Ẹ̀rù ba Ferroudja dé egungun. Ó na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹsẹ̀ náà kanlẹ̀.

Djouher yọ. Kò wọ bàtà, ó fi aṣọ funfun bo ojú, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, èpè sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ramdan fà á gòkè.

Nígbà tí wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ òkè jìnnà, Djouher kọjú sí Ferroudja. "Tí mo bá tẹ́ ọmọ yìí sórí ẹní, tí mo sì jókòó tì í ńkọ́?"

Ferroudja wá irọ́ tó máa pa, kò rí i. "Màá padà wọlé, Màmá."

"Mo mọ̀. Mo ti tú kókó kan kí n tó rí ẹsẹ̀ ẹ nílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Mo wá tún un ta. Akli lè dúró dè mí, ṣùgbọ́n ìwọ, ṣe lo fẹ́ wá bá mi jóná." Ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Ó yá, tú ọmọ yìí. Ó fún mi láyà."

Ferroudja na ọwọ́ méjèèjì yí i ká láti ẹ̀yìn, ó sì ń wá kókó náà láyà rẹ̀.