Tánkà Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Iyanrìn Dí

Igun yàrá ni Dápù wà láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Wọ́n tẹ́ aṣọ kan fún un níbẹ̀, wọ́n ní kó jókòó, ó sì jókòó. Nílẹ̀ wọn, opó kì í jáde síta títí àwọn àgbà yóò fi sọ pé ó tó. Wọ́n ti fọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti fi ìborí aláwọ̀ erùpẹ̀ bò ó lójú. Àwọn obìnrin abúlé wá, wọ́n ké, wọ́n ń wò ó lábẹ́ ìborí bóyá yóò ké. Kò ké. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló gbẹ omi ojú rẹ̀. Dápù fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ ni. Lójú tirẹ̀, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pẹ́, tí ẹsẹ̀ náà kú, tó wá ń fọwọ́ kàn án tí kò mọ̀ pé tòun ni.

Fèrèsé tóóró kan wà níbi tí orí rẹ̀ kàn. Ibẹ̀ ló ti ń rí tánkà, kòtò omi òjò ilé wọn.

Tánkà náà wà láàárín ilé Rúkí, ìyá ọkọ rẹ̀, àti ilé Bíkà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Èyí tó yọ sókè nínú rẹ̀ kò ju òrùlé funfun róbótó kan lọ, bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tó ní ìlẹ̀kùn irin kékeré lórí. Gbogbo ìyókù wà nínú ilẹ̀, ó sì jìn tó ọkùnrin mẹ́ta tó gun èjìká ara wọn. Wọ́n ti fi amọ̀ àti eérú lu ilẹ̀ tó yí i ká títí ó fi le gbandi, ó wá dà bí àtẹ́ ńlá tó dagẹ̀rẹ̀ sí àárín. Bí òjò bá rọ̀, àtẹ́ á gbà á, omi á sì gba ẹnu ihò mẹ́ta wọlé. Aṣálẹ̀ ni ilẹ̀ wọn, òjò ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ọdún. Odò ò sí, kànga tí wọ́n sì gbẹ́, omi iyọ̀ ló ń sun.

Inú tánkà yìí ni Kétà, ọkọ Dápù, kú sí.

Ní ìgbà ooru, nígbà tí omi bá ti lọ sílẹ̀ tó ku ẹrẹ̀, wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kó o. Garawa ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹnì kan nísàlẹ̀, ẹnì kan lókè, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́dún yìí Bíkà ní iṣẹ́ garawa ti sú òun, ó sì lọ yá ẹ̀rọ afami tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì. Rọ́bà ẹ̀rọ náà kò gùn tó. Ni wọ́n bá so ẹ̀rọ mọ́ okùn, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú tánkà, ó sì ń kùn níbẹ̀, ó ń fa ẹrẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, Kétà sọ̀ kalẹ̀ láti lọ tú u. Èéfín ẹ̀rọ kò ní ibi tó máa gbà jáde. Nígbà tí wọ́n fi ìkọ́ fà á sókè, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń tòògbé lẹ́yìn oúnjẹ. Garawa wà lọ́wọ́ Dápù lọ́jọ́ náà. Ohun tó rántí jù ni pé garawa náà kò jábọ́.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn irin, tí wọ́n sì fi amọ̀ àti ẹ̀gún dí ẹnu ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bíkà wá bá ìyá rẹ̀ lágbàlá. Rúkí ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Dápù ń gbọ́ wọn láti igun rẹ̀.

"Ìyá, mo ti bá oníkatakata sọ̀rọ̀. Á kó iyanrìn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká dí ihò yẹn pa."

"Àwọn tó ta ẹ̀wà yìí, òkúta ni wọ́n gbìn, ẹ̀wà wá ṣèèṣì hù sí i."

"Ìyá, mò ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́. Mi ò tíì dití."

"Ibi tó pa èèyàn, ṣé ibẹ̀ náà la ó tún ti máa bu omi mu?"

"Kí la ó wá máa mu? Iyanrìn tóo fẹ́ kó wá?"

"Katakata á máa gbé omi wá."

"Katakata yẹn tó jẹ́ pé ìgbà tó bá wù ú ló ń wá? Ọdún tó kọjá, wọ́n ní ó ń bọ̀, àgbébọ̀ mi pamọ, ọmọ ẹ̀ náà dàgbà, ó yé ẹyin, kò tíì dé."

Bíkà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní omi tí katakata bá gbé wá kò lè kárí gbogbo ẹni tó wà nílé, kí ìyàwó Kétà àti ọmọ rẹ̀ máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Rúkí tẹjú mọ́ ẹ̀wà rẹ̀. Òkúta ń bọ́ sínú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nílẹ̀ wọn, ìyàwó kì í ṣí ojú fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, kì í sì í bá a sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí Dápù ti wọlé ọkọ, Bíkà kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, wọ́n á wá ẹni tó máa gbé e. Ni Bíkà bá pe Múnì, ọmọ Kétà, tó ń ṣeré lẹ́bàá ewúrẹ́. "Múnì, lọ sọ fún ìyá rẹ pé ilé bàbá rẹ̀ ló ti máa lo òjò yìí."

Ọmọ náà rin ẹsẹ̀ mélòó kan dé ojú fèrèsé. "Ìyá, Bàbá Bíkà ní—"

"Mo ti gbọ́," ni Dápù rọra sọ.

"Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ pé mo gbọ́."

Ó mọ ohun tí ilé bàbá rẹ̀ jẹ́. Òun ni ọmọbìnrin karùn-ún níbẹ̀, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́, Ó-tó-gẹ́ẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Tánkà kan ṣoṣo ló wà fún àwọn arákùnrin rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti gbogbo ẹbí wọn. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ rẹ̀ fún Kétà, bàbá rẹ̀ kò béèrè iye ràkúnmí. Ó béèrè bóyá tánkà wà nílé wọn, bó sì ṣe jìn tó. Kò sẹ́ni tó ń fọmọ fún ilé tí kò ní tánkà lágbègbè yẹn. Bí iyanrìn bá wọ tánkà yìí, òun àti Múnì kò níbì kan tí wọ́n ti lè sọ pé omi wọn nìyí. Ó ro gbogbo rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ aládùúgbò.

Lọ́jọ́ kejì, Gómtì, aládùúgbò wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, wá jókòó tì í.

"Ìyàwó wa, àwọn ọ̀kín ti ń ké pe òjò láti àná, ẹ̀yin ará ilé yìí ṣì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ tánkà. Ó dà bí ẹni tó bá abọ́ jà torí ọbẹ̀ jó o lẹ́nu."

Gómtì tún fà súnmọ́ ọn.

"Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Kí ilẹ̀ tó mọ́ lónìí ni mo rí i tó ń gbá àtẹ́ omi. Mo ní, Rúkí, ta lò ń gbá a fún? Ó ní abẹ́rẹ́ òun ló jábọ́ síbẹ̀. Láti ìjẹta ló ti ń wá abẹ́rẹ́ yẹn o. Kò tilẹ̀ sí ìgbẹ́ ewúrẹ́ kan lójú àtẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ kò tíì yọjú."

"Èmi náà gbọ́ ìró ọwọ̀," ni Dápù wí.

"Kí lo wá rò sí i?"

"Mi ò rò nǹkan kan."

Gómtì gbé ìborí rẹ̀ sókè díẹ̀, ó wò ó. "O ò tíì sunkún síbẹ̀?"

"Rárá."

"Kò burú. Ìyàwó àbúrò mi sunkún débi pé wọ́n dì í mú, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó ní ṣúgà inú tíì òun kò tó." Ó fà á mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ.

Òjò kò dúró de katakata. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí iyanrìn dé, atẹ́gùn dìde lọ́sàn-án, erùpẹ̀ pupa bo ojú ọ̀run, àwọn ewúrẹ́ sá wọ abẹ́ ògiri. Lẹ́yìn náà òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kán ńlá ńlá, ó ń lu àtẹ́ omi gbà, gbà, gbà, títí ìró náà fi di ọ̀kan.

Rúkí wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Bíkà wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ lódì kejì. Dápù wà lójú fèrèsé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ohun kan náà. Omi ṣàn lórí àtẹ́, ó dé ẹnu ihò, ó bá amọ̀ pàdé, ó yà, ó gba etí àtẹ́ bọ́ sínú yanrìn. Yanrìn mu ún. Omi ń dé, yanrìn ń mu ún, kò sì sí àmì pé omi kankan débẹ̀ rí.

Ó pupa lákọ̀ọ́kọ́, ó kó erùpẹ̀ àti ewé dání. Dápù kò mira. Àkọ́rọ̀ kì í ṣe fún mímu. Àtẹ́ ló ń fi wẹ̀. Ó ń wo àwọ̀ omi. Ó pupa, ó di bí tíì oníwàrà, ó sì ń mọ́ bọ̀. Nígbà tó di pé ó ń rí amọ̀ tí wọ́n lu nísàlẹ̀ omi, ó dìde.

Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Orúnkún rẹ̀ ti le, ó ní láti di ògiri mú. Ó gba iwájú Rúkí kọjá, Rúkí yà fún un. Ó bọ́ sínú òjò, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ihò àkọ́kọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wa amọ̀. Ẹ̀gún wà nínú rẹ̀. Ó rí i pé ọwọ́ òun ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì rí i pé òjò ń fọ̀ ọ́ lọ. Kò dùn ún. Nígbà tí amọ̀ yẹ̀, omi bẹ́ wọlé, ó sì ń dún nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń gbé nǹkan mì.

Ó ti dé ẹnu ihò kejì kí Bíkà tó kúrò lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń sáré bọ̀, láwàní rẹ̀ ti ń tú.

"Múnì," ló ń pè nínú òjò, "sọ fún ìyá rẹ kó wọlé. Múnì, sọ fún un pé opó ni, kó wọlé."

Múnì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ àgbà. Kò jẹ́ iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni.

Bíkà gun orí àtẹ́. Dápù gbójú sókè. Ìborí rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká, kò sì fà á padà.

"Ẹ bọ́ bàtà yín," ló wí.

Ọkùnrin náà dúró gbagidi. Ó wò ó bí ẹni tí ògiri bá sọ̀rọ̀.

"Orí àtẹ́ omi lẹ wà," ni Dápù wí. "A kì í wọ bàtà débí."

Bíkà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàtà aláwọ kan náà tó wọ̀ lọ sí agbo ewúrẹ́ láàárọ̀ ni. Omi ń ṣàn kọjá lára rẹ̀ lọ sí ẹnu ihò.

"Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ yẹn wá," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Rọ́bà rẹ̀ ni kò gùn tó. Mo ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èmi ni mo ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà yín."

Bóyá Bíkà ń retí kó bú òun ni. Dápù náà wá èébú nínú ara rẹ̀, nítorí ó rí i pé ó yẹ kó wà níbẹ̀, kò sì bá a. Bíkà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà kan, ó bọ́ ìkejì, ó gbé wọn mọ́ àyà. Ó rìn padà lọ dúró ní etí àtẹ́, láìbọ́ sábẹ́ òrùlé. Ó ń sunkún, tàbí òjò ni.

Ẹnu ihò kẹta, Rúkí ló ṣí i. Ẹ̀mú iná ló mú wá láti ilé ìdáná, ó fi ń gún amọ̀, ó ń mí hẹ̀nhẹ̀n.

"Amọ̀ ọ̀hún le," ló wí.

"Mo pò ó mọ́ eérú," ni Bíkà dáhùn láti etí àtẹ́.

"Mo rí i. Iṣẹ́ tó yẹ kóo ṣe dáadáa, ìwọ kì í ṣe é. Èyí tí kò yẹ kó dúró ló wá dúró yìí."

Ó gún un títí ó fi já. Àwọn obìnrin méjèèjì kúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bí omi ṣe ń bọ́ sínú òkùnkùn. Rúkí fi ìborí tó ti rẹ gbindin nu ojú rẹ̀. "Ẹni bá bómi ṣọ̀tá, kí ló fẹ́ fi wẹ òkú ẹ̀?" ló wí, kò sì wo ẹnikẹ́ni nígbà tó ń sọ ọ́.

Wọn kò dá Dápù padà sí igun yàrá. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó tó, kò sì sẹ́ni tó ní kó padà.

Katakata dé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe àdéhùn. Awakọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ Bíkà ibi tí òun máa da iyanrìn sí. Ìlẹ̀kùn irin tánkà ṣí sílẹ̀, Dápù sì wà níbẹ̀, ó ń fa garawa. Bíkà wo ibẹ̀ pẹ́.

"Dà á sí agbo ewúrẹ́," ló wí. "Ẹrẹ̀ ti kún ibẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀? Ewúrẹ́ yín fẹ́ kọ́lé ni?"

"Mo ní dà á síbẹ̀."

Dápù tú omi sínú ìkòkò, ó bu ife kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti rò pé á ní adùn kan, tàbí ìkorò kan, ohun kan tí òun á fi mọ̀ pé èèyàn kú níbẹ̀. Ó mu ún. Adùn ẹfun àti erùpẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, bó ṣe máa ń rí lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ó mu ún tán.

Rúkí dúró tì í, ó na ọwọ́. "Báwo ló ṣe rí?"

"Omi ni," ni Dápù wí.

Rúkí gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu tirẹ̀, ó mu ún lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ó ní kó lọ wo róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, tó wà lórí iná, ó ti ń jóná.